E ma fo oju re

5.

…tí kò sì sí ohun mìíràn tó ṣe é ju pé ó dákẹ́. Mo gbé e sétí. Mo mì í. Mo tún gbé e sí etí kejì, bí ẹni pé etí àkọ́kọ́ ló dí.

Aago Bàbá mi ni. Aago ọwọ́, ó pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì kóòtù, awọ dúdú ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ọwọ́. Kì í lo bátìrì. Láràárọ̀ lèèyàn ń yí kókó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á sùn. Bàbá ń pè é ní aago ìmúròde, torí ó máa ń rọra wọ abẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kì í bá ẹni tó wọ̀ ọ́ du ojú. Kò dà bí aago àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí tó tóbi bí ìdérí ìkòkò.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti márùn-ún. Mi ò fẹ́ tètè dé mẹ́rin. Ẹ máa tẹ̀lé mi yí ojú aago náà po. Mẹ́rin ló máa kẹ́yìn.


6.

Ohun tó wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀:

— Nọ́ńbà méjìlá. Mẹ́fà ti ń pa rẹ́.

— Ọwọ́ méjì, tín-ín-rín. Èyí tó gùn ti pọ́n díẹ̀ lórí.

— Funfun tí kì í ṣe funfun mọ́. Wọ́n ní ó funfun bí àwo nígbà tí Bàbá rà á. Nígbà tí mo gbọ́njú, ó ti dà bíi mílíìkì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kùn ún. Oòrùn ni, òógùn ni, ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ ni.

— Àmì kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́kànlá. Àbúrò mi ọkùnrin ní eṣinṣin ló yàgbẹ́ síbẹ̀. Bàbá bi í pé eṣinṣin wo ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí aago.

— Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin, àbàwọ́n kan.



Mo ní mi ò fẹ́ tètè dé ibẹ̀.


7.

ÀKÍYÈSÍ

Ẹ YẸ ÀPÒ YÍN WÒ KÍ Ẹ TÓ KÓ AṢỌ SÍLẸ̀.

Ẹ FI ÀBÀWỌ́N HÀN WÁ. ẸNI TÓ BÁ FI PAMỌ́, KÓ MÁ DÁ WA LẸ́BI.

ÀBÀWỌ́N TÓ BÁ TI PẸ́ JU ẸNI TÓ NI AṢỌ LỌ, A Ò ṢÈLÉRÍ PÉ YÓÒ LỌ.

(Ara ògiri ibi iṣẹ́ mi ni èyí wà. Alágbàfọ̀ ni mí. Èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá wa fẹ́ kí n fi "Inú wa dùn púpọ̀ láti sìn yín" ṣáájú rẹ̀. Mo bi í pé inú ta ni? Mi ò jókòó pẹ́ nílé ìwé. Ìwé ara ògiri àti ìwé pélébé inú kọ́là aṣọ ni mo fi kọ́ ara mi. Ohunkóhun tó bá gùn ju àkíyèsí lọ, mo máa ń fura sí i.)

(Èyí tí ẹ ń kà yìí gùn ju àkíyèsí lọ. Ẹ fura sí i.)

Ṣẹ́ẹ̀tì, aṣọ ibùsùn, aṣọ tábìlì ilé ìtura. Ooru àti òórùn ọṣẹ. Gbogbo ọjọ́ ni ọwọ́ mi ń wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

[Mo fagi lé ìlà kan níbí. Ó dùn jù.]

Nígbà tí ara Bàbá ṣì dá ṣáṣá, ó máa ń kìlọ̀ fún àlejò pé kí wọ́n má jókòó sún mọ́ mi jù. Á ní, "Bó bá fi lè rí i pé o dọ̀tí, á rẹ ọ́ sómi."


8.

Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi. Yàrá ìsàlẹ̀. Fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri aládùúgbò, ibùsùn, àga onítìmùtìmù, tábìlì tí ife omi àti ṣíbí oògùn wà lórí rẹ̀. Ìgbàgbé ti mú un. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi awò ojú rẹ̀ sí, lẹ́yìn náà ó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi awò ojú ṣe. Ó gbàgbé àbúrò mi. Ó ń pè é ní Onílé. Bó bá ti rí i, á bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì lé òun jáde. Àbúrò mi á rẹ́rìn-ín, á ní kò sí ẹni tó máa lé yín, Bàbá, á sì jáde lọ sẹ́yìn ilé lọ nu ojú.

Èmi nìkan ló kù tó mọ̀. Kì í sì í ṣe ojú mi ló fi ń mọ̀ mí.

Bí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́, á wò mí bí ẹni ń wo ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Màá mú aago náà lórí tábìlì, màá fi í sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Á yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Á fi àtàǹpàkò tẹ gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin, níbi àbàwọ́n yẹn. Ojú rẹ̀ á là.

"Olómi dé."

Orúkọ tó fún mi nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn á gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi, á jẹ́ kí n wẹ òun, kí n pa òun láṣọ dà. Kì í gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó àbúrò mi dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbá ṣíbí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àbàwọ́n yẹn ni mí. Bó ṣe jẹ́, Bàbá á sọ ọ́ fúnra rẹ̀ tí a bá dé mẹ́ta.

Nígbà tí aago náà wá dákẹ́, ó gbé e sétí títí. Ó ní, "Olómi ò mí mọ́."

Mi ò bọ́ bàtà tí mo wọ̀ wọlé. Mo gba aago náà, mo yí padà síta.


9.

Ṣọ́ọ̀bù aláago. Àtùpà kan, tábìlì tó ga dé àyà, àwọn aago káàkiri ògiri, kò sí èyí tó gbà fún èkejì. Oníbàárà wa ni ọkùnrin yìí. Èmi ni mò ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo mọ ibi tí òróró máa ń ta sí lápá rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó ní òróró inú rẹ̀ ló gbẹ, ó ti di ẹrẹ̀. Òun á tú u, òun á fọ inú rẹ̀, kò tó ohun tí èèyàn ń bara jẹ́ sí.

Ọkùnrin oníkóòtù kan jókòó tó ń dúró de aago tirẹ̀. Ó tọrọ ti Bàbá wò. Kò dá a padà bọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí. Mo yọ ṣúgà kúrò nínú ohun tó sọ, èyí ló kù:

Pé wọ́n lè ṣe aago tuntun lónìí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè ṣe èyí tó ti gbó lónìí.

Pé aago méjì lè jáde lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n funfun bákan náà, wọn ò ní gbó bákan náà, torí ọwọ́ tó wọ̀ wọ́n kì í ṣe ọwọ́ kan náà.

Pé òun á rà á bí mo bá ń tà á.

Mo ní kì í ṣe títà. Lọ́kàn mi, mo ní gbogbo àlàyé yìí ò ju èyí tí àwọn àgbà ti sọ tán: bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ṣùgbọ́n ó yé mi. Èmi tí mò ń lé ìdọ̀tí kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó yé mi. Mo wo ojú aago náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, mo rí i pé ó rẹwà. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé ohun tó dà bí mi rẹwà.

[Mo fẹ́ fagi lé ìyẹn náà. Mo fi sílẹ̀.]


9, apá kejì.

Aláago:
Mo ti fo inu re o. O ti n sise. Oju re nko?

Èmi:
E ma fo oju re o. E se.

Aláago:
Ko si wahala.


10.

(Ṣọ́ọ̀bù. Ó fi aṣọ pupa kékeré wé e.)

ALÁAGO: Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí àyà ọmọ tuntun.

ÈMI: Ẹ ṣé, ọ̀gá. (Mo tú aṣọ náà.)

ÈMI: Ta ló ni èyí?

ALÁAGO: Ẹ̀yin kẹ̀.

ÈMI: Ojú rẹ̀ dà?

ALÁAGO: Òun nìyẹn. Ó ti mọ́. Ibi mẹ́rin yẹn bá mi jà díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó padà lọ.

ÈMI: Mo ní kí ẹ má fọ̀ ọ́.

ALÁAGO: Ẹ ní kí n máa fọ̀ ọ́.

ÈMI: Má.

ALÁAGO: Máa.

ÈMI: Ọ̀gá, má ni mo sọ.

ALÁAGO: (ó mú fóònù rẹ̀ jáde) Òun rèé. Ẹ kà á fún mi.

(Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Òun náà kà á bó ṣe rí i.)

ALÁAGO: Ẹ wò ó, Ìyá. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ǹ bá pè é kí n bi í. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ni yín. Mo ní alágbàfọ̀ wo ló máa ní kí wọ́n fi ìdọ̀tí sílẹ̀?


11.

E ma fo oju re

a. Ẹ má fọ ojú rẹ̀. Ohun tí mo sọ.

b. Ẹ máa fọ ojú rẹ̀. Ohun tó gbọ́.

d. Ẹ má fọ́ ojú rẹ̀. Kò fọ́ ọ. Gíláàsì rẹ̀ ò ní ìlà kan.

e. Ẹ máa fọ́ ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá fọ́ lójú kì í mọ èèyàn mọ́.

Fóònù mi ò ní àmì ohùn. Kò sẹ́ni tó ń fi sí i. Gbogbo wa la ń kọ ọ́ báyìí, a sì ń gbọ́ ara wa yé.

Ọwọ́ mi tutù fún omi ọṣẹ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo ti yọ ìpáàrà kúrò lára aṣọ funfun kan tí gbogbo wọn ti ní kó lọ di aṣọ ìnulẹ̀. Wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń wá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, wọn ò rí i. Orí mi wú. Ẹni tí orí rẹ̀ wú báyẹn, kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń tẹ "fo"?

Má ló wà lọ́kàn mi.

Mo rò pé má ni.


12.

(Yàrá Bàbá.)

BÀBÁ: Ẹ kúùrọ̀lẹ́.

ÈMI: Bàbá, èmi ni. Ẹ wo aago yín, ó ti ń ṣiṣẹ́.

BÀBÁ: (ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ lọ síbi mẹ́rin, ó dúró síbẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò náà kúrò, ó wo abẹ́ rẹ̀) Aago tó dáa ni. Ta ló ni ín?

ÈMI: Tiyín ni.

BÀBÁ: Rárá o. Tèmi gbó ju báyìí lọ. Ọmọ mi ló mú un lọ fún àtúnṣe. Kò ní pẹ́ dé.

ÈMI: Oògùn yín nìyí.

BÀBÁ: Ẹ má bínú. Mi ò kì í gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò. Ẹ gbé e síbẹ̀ fún un, ó ń bọ̀.



Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Bàbá ò sọ "ẹ" sí mi rí.


1.

Ohùn àbúrò mi tó gbà sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ni, ẹ ò lè gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu lónìí. Dókítà ti ṣàlàyé fún wa tipẹ́. Bí kò bá jẹ́ aago, bó dọ̀la á jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ ń sunkún torí pé ó ń kí yín bí àlejò. Èmi ńkọ́? Èmi tí mò ń gbé e lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, Onílé ni mí. Èmi ò ní àbàwọ́n kankan nínú aago yẹn. Mo ti wá a títí nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé tèmi dà, ó fi àmì eṣinṣin yẹn hàn mí, gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹ káàbọ̀. Ẹ káàbọ̀ sọ́dọ̀ àwa yòókù."

Ilẹ̀kùn kan pa dé níbẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí ni. Kò tíì gbé oògùn mì láti ìgbà tí ẹ mú aago yẹn dé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Ẹ wá nǹkan ṣe."

Mo tẹ E ma binu.

Mo wò ó. Mo pa á rẹ́.


2.

Níbi iṣẹ́, mo gé aṣọ funfun sí wẹ́wẹ́, mo lẹ ìwé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan:

TÍÌ: ó pọ́n jù.

TÍÌ ÀNÁ: ó fẹ́ẹ́ jọ ọ́.

OMI ÌPÁÀRÀ: ó dà bí ẹ̀jẹ̀.

ÁYỌ́Ọ̀NÙ GBÍGBÓNÁ: ó jó.

ÒÓGÙN MI: kò tíì hàn.

Ọ̀gá kọjá, ó wo àwọn aṣọ náà, ó bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní mò ń kọ́ iṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ wo? Mo ní ti òdìkejì.

Aláago fúnra rẹ̀ wá kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò lè wò mí lójú. Ó ní òun ò sùn dáadáa. Ó ní òun ní búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, òun lè fi ya àbàwọ́n náà padà síbi tó wà, òun ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Kí n ṣáà ya bó ṣe rí fún òun. Ó fà mí ní ìwé àti pẹ́ńsùlù.

Mo ya etí.

Mo ya hóró ẹ̀wà.

Mo ya àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé.

Ó ń wo ọwọ́ mi, ó ń dúró. Àbàwọ́n tí mo ti ń wò láti ìgbà tí mo ti lójú, àbàwọ́n tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ, mi ò mọ bó ṣe rí.

Mo ní kó fún mi láyè kí n lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.


3.

Mo sọ fún Bàbá pé alágbàfọ̀ ni mí, mo wá kó aṣọ.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ọmọ òun náà, iṣẹ́ yìí ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ju èmi lọ, kí n má bínú. Mo ní mi ò bínú. Ó bi mí àbàwọ́n tó le jù lọ, mo ní ìpáàrà, ó mi orí bí ẹni tó ń dán mi wò. Mo ní wọ́n sọ fún mi pé aago rẹ̀ ní àbàwọ́n kan. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ láìsí pé ó ń wá a kiri. Ẹni tí kò mọ ohun tó jẹ láàárọ̀.

"Ìyá rẹ̀ ò tíì lè dìde. Nọ́ọ̀sì ní kí n wá wẹ ọmọ mi. Mi ò gbé ọmọ tuntun rí. Aṣọ ìmúròde ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀, torí mo ní ọmọ fẹ́ẹ́ rí mi fún ìgbà àkọ́kọ́, kó má lọ rò pé mi ò ní láárí. Mo ti ọwọ́ bọ omi pẹ̀lú aago. Ọmọ náà ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí, báyìí. Mi ò jẹ́ kó bọ́. Nọ́ọ̀sì ń pariwo pé, 'Bàbá ọmọ, ẹ gbàgbé àti bọ́ aago yín.' Mo ní ọwọ́ mi kún. Omi wọ inú rẹ̀, ó gbẹ síbi mẹ́rin. Ẹni tó tún un ṣe fẹ́ fọ ojú rẹ̀, mo ní kó fọ inú, kó fi ojú sílẹ̀. Omi ọmọ mi ni."

Mo bi í bí àbàwọ́n náà ṣe rí.

Ó ti ìka bọ ife omi. Ó yà á sórí tábìlì. Kò dúró, kò ronú, ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà. Mo wò ó, mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe etí, kì í ṣe ẹ̀wà. Mo nawọ́ sí àpò mi fún pẹ́ńsùlù. Omi náà ti ń gbẹ láti etí bọ̀ wá sáàárín. Nígbà tí mo fi rí ìwé tẹ́, tábìlì ti mọ́.

"Ẹ tún un yà, Bàbá."

"Kí ni mo yà?"

Ìyàwó àbúrò mi gbé oúnjẹ wọlé, mo dìde. Ó pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Alágbàfọ̀. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ ní bí wọn ò bá tíì tún aago yẹn ṣe tán, kó fi í sílẹ̀ fún wọn. Kó máa bọ̀."


4.

Mi ò gbé ìwé kankan lọ fún aláago.

Mo so aago náà mọ́ ọwọ́ ara mi. Ihò tó kẹ́yìn lára awọ rẹ̀ ni ọwọ́ mi gbà. Mo ní kí ìyàwó àbúrò mi gbé omi kaná. Mo wọlé tọ Bàbá, mo kí i bí alágbàfọ̀, mo ní aṣọ ti tán, ó ku ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

"Ṣé ẹ fẹ́ rẹ mí sómi ni?"

Mo ní ó fẹ́ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí n di òun lápá mú.

Mo mú un jókòó lórí àpótí nínú balùwẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ garawa kọjá ọrùn ọwọ́, pẹ̀lú aago. Mi ò gbàgbé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ, egungun rẹ̀ ṣeé kà. Mo fọ èjìká, mo fọ abíyá. Bí mo ṣe kan ẹsẹ̀ tó wú yẹn, ó dùn ún, ó fà sẹ́yìn, ó yọ̀ lórí àpótí. Mo fi apá méjèèjì gbá a mú. Ọṣẹ wà lára wa. Ó ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò jẹ́ kó bọ́.

A dúró bẹ́ẹ̀. Omi ń kán. Ó wo ọwọ́ mi tó wà láyà rẹ̀.

BÀBÁ: O gbàgbé àti bọ́ aago rẹ.

ÈMI: Ọwọ́ mi kún.

Ó gbé ojú sókè wò mí. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìnura, ó ní ṣé kò sí o, Bàbá yí ojú síbẹ̀, ó ní, "Ta nìyẹn?"

Ó ní "o". Ó ní "rẹ". Kò ní "ẹ".

Bóyá mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Omi ń dún.

Lálẹ́, ìkùukùu wà lábẹ́ gíláàsì aago náà. Aláago ti sọ fún mi pé bí omi bá wọ̀ ọ́ nígbàkígbà, kí n tètè sáré gbé e wá kó tó ba ojú rẹ̀ jẹ́. Mi ò gbé e lọ. Mo gbé e sójú fèrèsé. Ní òwúrọ̀, omi náà ti kóra jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́jọ. Kì í ṣe mẹ́rin. Èèyàn ò lè pàṣẹ fún omi níbi tó máa gbẹ sí. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo yí i, mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ìyàwó àbúrò mi:
E kaaro ma. Baba ti ji. O ni ki n so fun yin pe ki e ma wa.

Mo pè é. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo pe àbúrò mi, ó ń dún, kò gbé e.

Mo kà á sókè. Mo kà á sókè lọ́nà kejì. Ọ̀gá bi mí ta ni mò ń bá jà. Mo fi aṣọ tábìlì kan sílẹ̀ nínú omi, mo nu ọwọ́, mo jáde.

Ẹnu ọ̀nà àbúrò mi ni mo wà báyìí. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo gbọ́ omi tó ń dà sínú garawa nínú ilé, ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, mi ò lè mọ ohun tó ń sọ. Mo gbé ọwọ́ sókè. Aago náà wà níbẹ̀, ó ń dún, ojú rẹ̀ ṣì tutù.

Mi ò tíì kan ilẹ̀kùn.